ETF tí wọ́n yá tà ju iye rẹ̀ lọ: ṣé ewu ni, àbí àǹfààní?

Olùkàwé kan kọ̀wé pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ìpín nínú ETF kan, ìyẹn àpò ìdókòwò tí ìpín rẹ̀ ń tà lọ́jà bíi ti ilé-iṣẹ́, tó kó ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ìtajà Amẹ́ríkà jọ. Láìpẹ́ yìí mo rí i kà pé short interest rẹ̀, ìyẹn iye ìpín rẹ̀ tí wọ́n yá tà, ti di 190% gbogbo ìpín rẹ̀ tó wà níta. Báwo lèèyàn ṣe ń ta ohun tó pọ̀ ju iye tó wà lọ? Ọ̀rẹ́ mi kan ní jìbìtì ni, pé lọ́jọ́ tí gbogbo wa bá ní ká gba owó wa, kò ní kárí. Ẹlòmíràn ní kí n tún rà sí i kíákíá, pé àwọn tó yá a tà máa tó sáré rà á padà, owó rẹ̀ á sì fò sókè. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. N ò ní fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ẹnì kankan nínú wọn. Ẹni tó ń dẹ́rù bà yín àti ẹni tó ń fi èrè fà yín, àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ ṣe: ojú tí a fi ń wo ìpín ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wo ETF. Nọ́ńbà tí ẹ rí kì í ṣe irọ́, kò sì yẹ kéèyàn fojú fò ó dá, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ nípa ETF yàtọ̀ gan-an sí ohun tó ń sọ nípa ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí yíyá ìpín fún àwọn tó fẹ́ tà á, ìbéèrè yìí sì wà lára èyí tí àwọn oníbàárà máa ń bi wá jù. Ẹ jẹ́ kí n tú u díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé owó ìpín kan máa wálẹ̀ lè yá ìpín náà lọ́wọ́ brókà, ìyẹn alágbàtà ìpín, kó tà á lónìí, kó dúró dìgbà tí owó rẹ̀ bá já wálẹ̀, kó rà á padà, kó dá a padà fún ẹni tó ni ín, kó sì kó ìyàtọ̀ sápò. Bí owó rẹ̀ bá lọ sókè, àpò ara rẹ̀ ló máa fi dí i. Ní gbogbo àsìkò tí kò tíì dá a padà, ìpín náà wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní short interest. Ní Amẹ́ríkà, FINRA, àjọ tó ń mójú tó àwọn brókà, ló fi dandan lé e pé kí wọ́n máa ṣírò iye ìpín tó ṣì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ní àárín oṣù àti ní òpin rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí nọ́ńbà náà tó jáde, nítorí náà ohun tí ẹ rí lè ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì fi í pọ̀ mọ́ short volume tí wọ́n ń gbé jáde lójoojúmọ́. Ìyẹn ń ka gbogbo títà tí wọ́n sàmì sí pé short ni láàárín ọjọ́ kan, títí kan èyí tí wọ́n rà padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó lè tó ìdajì ọjà ọjọ́ náà láìsí pé gbèsè kankan kù nílẹ̀ lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ariwo tí mo ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó da méjèèjì pọ̀ ló ń pa á.

Báwo ló wá ṣe lè ju 100% lọ? Ẹ jẹ́ ká ní ETF kan ní 100 ìpín péré, ẹnì kan ló sì ni gbogbo rẹ̀. Inú akáǹtì margin ló kó wọn sí, irú akáǹtì tó fún brókà láṣẹ láti yá wọn fún ẹlòmíràn. Brókà yá 100 náà fún ẹnì kejì, ẹnì kejì tà wọ́n fún ẹnì kẹta. Ẹnì kẹta yìí kò mọ̀ pé ohun àyá ni òun rà, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó mọ̀. Ó fi owó rẹ̀ rà á, ó ti di tirẹ̀. Brókà tirẹ̀ náà tún yá 100 yẹn fún ẹnì kẹrin, ẹnì kẹrin sì tà á fún ẹnì karùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Ìpín 200 ni wọ́n yá tà nínú ETF tó ní 100, short interest ti di 200%. Ẹni mẹ́ta ló rí 100 nínú akáǹtì rẹ̀, àpapọ̀ 300. Ẹ yọ gbèsè 200 kúrò nínú 300, ohun tó kù ni 100, iye tí ETF náà fi síta gan-an. Kò sí ìpín ayédèrú kankan níbẹ̀. Ìpín ilé-iṣẹ́ lásán náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 2021, short interest GameStop ju 120% lọ nínú ìpín tó wà lọ́wọ́ ará ìlú láti tà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ti wọ́. Ó rò pé àwọn tó ní 300 lápapọ̀ máa wá kan ilẹ̀kùn àpò tó ní ohun-ìní 100. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àpò ETF kọ́ ni irú wa ti ń gba owó wa; ọjà la ti ń ta ìpín wa fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Àpò náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ju 100 yẹn lọ. Gbèsè 200 wà láàárín ẹni tó yá ìpín àti brókà tó yá a fún un, ẹni tó jẹ gbèsè yẹn ló sì gbọ́dọ̀ wá ra ìpín lọ́jà lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi í léèrè. Lọ́jọ́ tí jìnnìjìnnì bá bo gbogbo èèyàn tí wọ́n ń tà, àwọn tó yá a tà wà lára àwọn tó ń rà. Wọ́n sì ti fi ìdógò sílẹ̀ kí wọ́n tó yá a: ohun tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni 102% iye ohun tí wọ́n yá, wọ́n sì ń tún un ṣírò lójoojúmọ́ bí owó ṣe ń lọ sókè sódò. N ò sọ pé ewu kò sí níbẹ̀ o. Ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ brókà ló wà, kò sí nínú àpò. Bí brókà Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SIPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà brókà, bá wó, tí ohun-ìní oníbàárà sì dín, SIPC máa ń dí i títí dé $500,000 fún oníbàárà kan, èyí tó bá jẹ́ owó lásán nínú rẹ̀ kò sì ní ju $250,000 lọ. Láti 2010 ni àwọn kan ti ń kọ ọ́ pé ETF tí wọ́n yá tà ju iye rẹ̀ lọ lè wó lulẹ̀. XRT, ETF àwọn ilé-iṣẹ́ ìtajà tó ti wà láti 2006, ti kọjá 100% lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ta ìpín rẹ̀ lọ́jà ṣì ń gba owó rẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, àpò ETF fúnra rẹ̀ tún lè yá àwọn ìpín ilé-iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jáde, títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta ohun-ìní rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn ló kan yín tààrà, torí àpò yín ló ń yáni, òun náà ló sì ń gba owó rẹ̀. Kò sí lára 190% tí ẹ rí yẹn rárá.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wá kàn. Iye ìpín ilé-iṣẹ́ kì í ṣàdédé yí padà. Kó tó pọ̀ sí i tàbí kó dín kù, ìgbìmọ̀ olùdarí á jókòó, wọ́n á kéde. Ti ETF lè yí padà lójoojúmọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣúná ńlá kan wà tí àpò náà fún láṣẹ pé, bí wọ́n bá kó àkójọ ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀ wá, àpò máa fún wọn ní ìpín ETF tuntun, ní ìdì ńláńlá bí 25,000 tàbí 50,000 lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá sì kó ìpín ETF wá, àpò á kó ìpín ilé-iṣẹ́ fún wọn, ìpín ETF yẹn á pa rẹ́. Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe sí 190% yín. Ìdá ni, ìdá sì ní òkè àti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá pa ìdajì ìpín tó wà níta rẹ́ lónìí, tí àwọn tó yá a tà kò sì kúrò lójú kan, 95% máa di 190% láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tún ta ìpín kan lé e. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí XRT gẹ́lẹ́ ní òpin oṣù kìíní 2021. Gbogbo ilé-iṣẹ́ inú XRT ló yẹ kó ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n GameStop fò sókè débi pé òun nìkan tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àpò náà. Wọ́n ń kó ìpín XRT wá sí àpò ní rẹpẹtẹ, GameStop inú rẹ̀ sì ń jáde. Ìpín tó wà níta dín kù gidigidi, ìdá short interest fò kọjá 100% lọ fíìfíì, àwọn tó ń wo òkè nìkan sì pariwo pé gbogbo ayé ti dojú kọ ilé-iṣẹ́ ìtajà.

Ẹ tún bi ara yín pé kí ló ń mú èèyàn yá ETF tà. Nídìí iṣẹ́ tí mo ṣe, àwọn tó yá a nítorí pé wọ́n gbà pé ETF náà máa ṣubú kò pọ̀ tó bí àwọn aráàlú ṣe rò. Èyí tó pọ̀ jù ń wá ààbò ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé olùṣàkóso owó kan ti fara balẹ̀ ka ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ ìtajà mẹ́ta, ó sì gbà pé wọ́n máa ta àwọn akẹgbẹ́ wọn yọ. Kò mọ̀ bóyá ìtajà lápapọ̀ máa dùn tàbí kò ní dùn lọ́dún yìí, kò sì fẹ́ fi owó oníbàárà rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí ìyẹn. Ó ra mẹ́ta yẹn, ó yá ETF ilé-iṣẹ́ ìtajà tà ní iye kan náà. Bí gbogbo ẹ̀ka náà bá wálẹ̀, èrè tó jẹ níbi ETF á dí àdánù ibi mẹ́ta. Bó bá gòkè, mẹ́ta á dí ti ETF. Ohun tó máa kù sí i lọ́wọ́ ni bí mẹ́ta tó yàn ṣe dára ju àwọn yòókù lọ. Ẹni yìí kò bá ETF yín jà. Ó tilẹ̀ nífẹ̀ẹ́ díẹ̀ lára ohun tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ta option, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ìpín tàbí tà á ní iye tí wọ́n ti fohùn sí, fún oníbàárà ṣe máa ń yá ETF tà kí ó lè sùn lálẹ́. Ní 2008, nígbà tí SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ìpín Amẹ́ríkà, fòfin de yíyá ìpín nǹkan bí 800 ilé-iṣẹ́ ìṣúná tà láti ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, òfin náà kò kan ETF, ẹni tó bá sì ń wá ààbò lè gba ibẹ̀ lọ.

ETF onílọ́po, àwọn tó ń ṣèlérí ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìyípadà ojoojúmọ́, ní ìdí tirẹ̀. Bí atọ́ka (index) tí ETF ń tọ lẹ́yìn bá kúrò ní 100, tó gòkè 10% lónìí tó já 10% lọ́la, 99 ló máa wà. ETF onílọ́po méjì máa gòkè sí 120, á já sí 96. Atọ́ka sọ 1, òun sọ 4 nù. Àwọn kan ń yá irú rẹ̀ tà torí ìjẹra yìí nìkan, ibi yòówù kí ọjà kọrí sí.

Ìdí kan tún wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní market maker wà lọ́jà láti máa ta fún ẹni tó fẹ́ rà nígbàkígbà. Bí àwọn tó fẹ́ ra ETF bá pọ̀ lójijì, market maker lè ta ìpín tí kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀ fún wọn, kó wá lọ ra àkójọ ìpín ilé-iṣẹ́, kó sì gba ìpín ETF tuntun lọ́dọ̀ àpò lẹ́yìn náà. Láti ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2024, ọjọ́ kan lẹ́yìn títà ló yẹ kí ohun tí wọ́n tà dé ọwọ́ ẹni tó rà á, ṣùgbọ́n Reg SHO, òfin Amẹ́ríkà tó wà fún yíyá ìpín tà, fún market maker ní ọjọ́ díẹ̀ sí i ju àwọn yòókù lọ kí wọ́n tó fipá mú un. Bí ọjọ́ ìṣírò bá ká a mọ́ ibẹ̀, ohun tó tà yẹn lè wà lára short interest. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń rà ló pọ̀, nọ́ńbà wá ń gòkè bí ẹni pé àwọn tó ń sá lọ ló pọ̀! Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ náà. Ìdádúró yìí lè pọ̀ jù, ETF sì máa ń wọ inú ìwé àwọn ìpín tí wọn kì í tètè fi jíṣẹ́, èyí tó gba pé kí ohun tí wọn kò fi jíṣẹ́ tó 10,000 ìpín ó kéré tán, kó sì tó 0.5% ìpín tó wà níta, fún ọjọ́ márùn-ún léraléra. Inú mi kò dùn sí i rárá. Ẹni tó san owó yẹ kó gba ọjà rẹ̀ lásìkò, mo sì gbà pé ó yẹ kí òfin túbọ̀ le sí àwọn tó ń fi àkókò yẹn jẹun.

Ẹni kejì tó ní kí ẹ tún rà ńkọ́? Ohun tó ń retí ni pé àwọn tó yá a tà máa há, wọ́n á máa bá ara wọn du ìwọ̀nba ìpín tó wà. Ó ṣeé ṣe nínú ìpín ilé-iṣẹ́, torí kò sí ẹni tó lè tẹ tuntun jáde ní ọ̀sán kan. Nínú ETF, bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ ju iye ohun tó wà nínú àpò lọ, àwọn ilé-iṣẹ́ aláṣẹ yẹn á ra àkójọ, wọ́n á gba ìpín tuntun, wọ́n á tà á lówó gọbọi náà, àlàfo á sì dí. Wọ́n tilẹ̀ máa ń gba ìpín tuntun kìkì kí wọ́n lè rí èyí tí wọ́n máa yá àwọn tó fẹ́ tà á. Omi kì í gbẹ níbẹ̀ bí kò bá ṣe pé wọ́n dí ẹnu odò. Wọ́n sì ti dí i rí o. Nígbà tí ọjà ìpín Íjíbítì tì pa láti òpin oṣù kìíní sí ọjọ́ 23 oṣù kẹta 2011, ETF tó ń tọ ọjà yẹn lẹ́yìn ní Amẹ́ríkà kò lè gba àkójọ wọlé mọ́, owó rẹ̀ sì gbéra kúrò lára iye ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2022, wọ́n dá títà àti rírà RSX, ETF ìpín Rọ́ṣíà, dúró. Àwọn tó ti yá a tà, tí àsọtẹ́lẹ̀ wọn sì ṣẹ, kò rí ọjà tí wọ́n máa ti rà á padà. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé owó kalẹ̀ dè. ETF ilé-iṣẹ́ ìtajà Amẹ́ríkà tí ìpín inú rẹ̀ ń tà lójoojúmọ́ kò sì jọ ọ́. ETF tó kó bọ́ǹdì àwọn ilé-iṣẹ́ tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn jọ sún mọ́ ọn díẹ̀, torí ohun inú rẹ̀ kì í yá tà.

Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí ETF tí mo ní, 190% kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò. Màá wo bóyá iye ìpín tó wà níta ń pọ̀ ni àbí ó ń dín, kí n lè mọ̀ bóyá òkè ìdá ló yí padà tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Màá wo iye tí wọ́n ń gbà láti yá a: bó bá ṣì kéré, a jẹ́ pé ìpín pọ̀ nílẹ̀ láti yá, kò sí ẹni tó há. Màá wo bí owó rẹ̀ lọ́jà ṣe jìnnà tó sí iye ohun tó wà nínú rẹ̀, èyí tí ìkànnì àwọn tó ń bójú tó ETF náà máa ń kọ lójoojúmọ́. Bí owó ìyáni bá ń gbóná, tí àlàfo yẹn ń fẹ̀, tí ìpín tó wà níta kò sì pọ̀ sí i, nígbà yẹn ni màá dìde jókòó. Àwọn kan ń fi iye ọjọ́ tó máa gbà láti rà á padà dẹ́rù bani, ìyẹn short interest tí a fi iye ọjà ojoojúmọ́ pín. Nínú ETF tó ń tà dáadáa, ọjọ́ díẹ̀ péré ló sábà máa ń jẹ́, ìpín tuntun tí wọ́n lè gbà kò sì sí nínú ìṣirò náà.

Ibi kan wà tí nọ́ńbà yìí kò lè dé, bó ti wù kí a tẹjú mọ́ ọn tó. Kò ya ẹni tó ń wá ààbò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń retí ìṣubú, kò sì ya àwọn méjèèjì kúrò lára market maker tó kàn ń dúró de ìpín tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun ti inú rẹ̀ mọ èrò ọkàn ọjà, ẹ má fún un lówó yín. Ó sì lè jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn pé àwọn tó mọ̀wé ń retí kí ilé-iṣẹ́ ìtajà ṣubú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé ìṣirò àwọn ilé-iṣẹ́ náà, èlé orí gbèsè wọn àti bí àwọn èèyàn ṣe ń ná owó ló yẹ kí ẹ fi pinnu bóyá kí ẹ ṣì wà níbẹ̀. Èmi kò rí akáǹtì yín, n ò sì mọ ìgbà tí ẹ máa nílò owó náà, nítorí náà n ò lè bá yín ṣe ìpinnu yẹn.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lọ́la. Ẹ bi brókà yín bóyá akáǹtì margin ni tiyín. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì jẹ ẹ́ lówó, ó lè ti yá ìpín yín jáde. Bí ìpín èrè bá bọ́ sí àsìkò tí ìpín yín wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, owó tó máa wọlé fún yín máa pé, ṣùgbọ́n owó dípò ìpín èrè ni òfin owó orí Amẹ́ríkà máa kà á sí, ẹni tó ń san owó orí níbẹ̀ sì lè san ju bó ṣe yẹ lọ lórí rẹ̀. Nínú cash account, akáǹtì tí brókà kì í yá yín lówó nínú rẹ̀, brókà kò gbọ́dọ̀ yá ìpín yín jáde àfi bí ẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹ wo ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ṣí akáǹtì náà, torí àwọn brókà kan máa ń fi ètò yíyá ìpín sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa pín nínú owó rẹ̀ pẹ̀lú yín. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, kò burú, ẹ kàn béèrè iye tó ń kàn yín. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n yọ yín kúrò, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀.